Báàgì aláwẹ́ mẹ́fà tí mo fi di ẹrù ọlidé wa lọ sí Kùtọnu àti Lomé: ṣé ó tó owó tí wọ́n ń tà á?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Kí n má fọ̀rọ̀ falẹ̀, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ò ní kà á délẹ̀: báàgì kéékèèké mẹ́fà tí wọ́n ń pè ní packing cubes, téèyàn fi ń pín ẹrù sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú báàgì ńlá, dáa, ẹ rà á, àmọ́ ẹ má torí ohun táwọn tó ń tà á ń sọ rà á. Wọ́n á ní ó máa sọ ẹrù yín di kékeré. Irọ́ ni. Ẹrù tẹ́ ẹ bá kó sí i náà lẹ máa gbé. Ohun tó dáa fún ni pé ó máa ń jẹ́ kéèyàn tètè rí ohun tó fẹ́ gbàgbé sílé nígbà tó ṣì wà nílé, tí ṣọ́ọ̀bù ṣì wà nítòsí, kì í ṣe ìgbà tó bá dé ìlú onílùú tí ò tiẹ̀ mọ orúkọ tí wọ́n ń pe nǹkan náà níbẹ̀.

Ẹni tí ò tíì rí i rí, báyìí ló ṣe rí. Báàgì aláṣọ ni, fẹ́lẹ́ ni, onígun mẹ́rin bíi páálí bàtà, àmọ́ ó rọ̀. Mẹ́fà ló wà nínú ṣẹ́ẹ̀tì kan: ńlá méjì, alábọ́ọ́dé kan, kékeré kan, ọ̀kan tóóró fún bàtà, àti ọ̀kan pẹlẹbẹ tí ò ju fáìlì lọ tí wọ́n ní fún ìwé. Gbogbo wọn ló ní sípù, àwọn tó tóbi sì ní nẹ́ẹ̀tì lójú téèyàn fi ń rí ohun tó wà nínú ẹ̀ láì ṣí i. Inú báàgì onítáyà tàbí inú búùtù lẹ máa tò wọ́n sí, wọn kì í ṣe ohun téèyàn ń gbé lọ́wọ́ káàkiri. Wọn ò kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ kankan sí i lára, ìyẹn ò sì dùn mí. Ọjà Balógun ní Èkó ni mo ti ra tèmi, ṣẹ́ẹ̀tì dúdú kan, ṣẹ́ẹ̀tì pupa kan, owó ṣẹ́ẹ̀tì kan ò sì tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà lẹ́yìn tí mo ná an títí tí ìyá tó ń tà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo rí irú ẹ̀ kan náà lórí fóònù, tí wọ́n ń tà á ní ìlọ́po méjì iye yẹn, ọjà kan náà ni o, fọ́tò tiwọn ló kàn mọ́lẹ̀ jù.

Ìyá náà ní, "Àǹtí mi, aṣọ ogún tẹ́ ẹ bá kó sínú èyí, ẹ máa rò pé mẹ́wàá ni." Mo ní Màámi, ẹ ṣé, àmọ́ aṣọ ogún, ogún náà ni. Òótọ́ ni pé tẹ́ ẹ bá ká aṣọ dáadáa tẹ́ ẹ sì fa sípù pa, atẹ́gùn inú ẹ̀ á jáde díẹ̀, á rí pẹlẹbẹ, á sì wuni wò. Ẹ wá wo apá kejì, àwọn kọ̀rọ̀ inú báàgì onítáyà tẹ́ ẹ ti máa ń ki ìbọ̀sẹ̀ àti bẹ́líìtì bọ̀ tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ á ṣófo, torí nǹkan onígun mẹ́rin ò lè tẹ̀ wọ kọ̀rọ̀, so ohun tẹ́ ẹ jèrè níbí ẹ ti pàdánù ẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wọ bàlúù náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín, òṣùwọ̀n kì í wo bóyá ẹrù rí pẹlẹbẹ, kílò ló ń kà, ẹni tí wọ́n bá ní kó gbé kílò 23, kílò 23 náà ni. Nítorí náà ni mi ò ṣe fẹ́ràn ọ̀rá tí wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ fa atẹ́gùn inú ẹ̀, tó máa ń sọ aṣọ ìbora tó nípọn di pẹlẹbẹ yẹn, torí àǹfààní tó ń fún yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ̀ ń lọ, kò sí i lọ́jọ́ tẹ́ ẹ̀ ń bọ̀, àyàfi tẹ́ ẹ bá gbé ẹ̀rọ náà dání, ta ló fẹ́ gbé ẹ̀rọ lọ sọ́lidé?

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Nínú báàgì ńlá kan ṣoṣo, ohun tó wà níbẹ̀ nìkan lèèyàn máa ń rí. Ohun tí ò sí níbẹ̀ ò lójú tó fi ń woni. Ẹ ti kó ẹrù kún un, ẹ ti jókòó lé e lórí kí sípù lè pa, ọkàn yín á balẹ̀ pé ẹ ti ṣe tán, torí ó kún. Kíkún ò túmọ̀ sí pípé o. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fún báàgì kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀, èyí fún ìwé, èyí fún oògùn, èyí fún iná àti fóònù, tẹ́ ẹ wá tò wọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì ní òfìfo kẹ́ ẹ tó ki nǹkan kan bọ̀ ọ́, èyí tó bá ṣì ṣófo nígbà tílẹ̀ ń ṣú, òun ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Kò sí pé mò ń ronú "kí ni mo tún gbàgbé" ní agogo méjì òru, báàgì oògùn ló sọ fún mi pé òun ò tíì rí oògùn, ó parí.

Ohun kejì tó yé mi ni pé aṣọ kọ́ là ń gbàgbé. Ta ló ń gbàgbé aṣọ? Aṣọ là ń kọ́kọ́ kó, a tún máa ń kó o jù. Ohun tá à ń gbàgbé ni ohun tá à ń lò títí di àárọ̀ ọjọ́ tá a máa lọ: ṣájà tó ṣì wà lára ògiri, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, gíláàsì ojú, oògùn ìyá tó wà lórí fíríìjì, rólọ́ọ̀nù, kóòmù. Ẹ ò lè kó wọn lálẹ́ torí ẹ ṣì máa lò wọ́n láàárọ̀, àárọ̀ ọ̀hún sì rèé, gbogbo èèyàn ló ń pariwo, bàbá àwọn ọmọ ti tan mọ́tò, ó ń fọn fèrè bíi pé mọ́tò fẹ́ sá lọ. Nítorí náà báàgì kékeré inú ṣẹ́ẹ̀tì dúdú, òun ni mo yàn fún nǹkan àárọ̀, mi ò sì ki nǹkan kan sí i lálẹ́, mo ṣí ẹnu ẹ̀ sílẹ̀ sórí tábìlì oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Ẹni tó bá fẹ́ mú kọ́kọ́rọ́ á rí i pé báàgì ń la ẹnu. Ẹni tó bá fọ eyín tán, kó ju búrọ́ọ̀ṣì ẹ̀ sí i. Tó bá jẹ́ pé torí ìyẹn nìkan ni wọ́n ń tà á, màá rà á.

Báàgì ìwé ló wù mí jù nínú gbogbo wọn, torí ọ̀nà tá a gbà. Àwọn kan rò pé torí pé Kùtọnu ò jìnnà, àwọn kàn lè kọrí síbẹ̀ bíi pé Ṣágámù ni wọ́n ń lọ. Òótọ́ ni pé ọmọ Nàìjíríà ò nílò físà, àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ṣe lọ́dún 1979 ló fún wa láǹfààní àádọ́rùn-ún ọjọ́ láì gba físà, ní Benin àti ní Tógò. Àmọ́ àìgbafísà kọ́ ni àìmúwèé dání. Pásípọ́ọ̀tù gbogbo wa wà níbẹ̀, ti àwọn ọmọ náà. Yẹ́lò kádì wà níbẹ̀, ìyẹn ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi ìyẹn ṣeré, abẹ́rẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ mẹ́wàá lára yín kí ìwé ẹ̀ tó múná dóko, so kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ máa sáré gbà lọ́la tẹ́ ẹ bá ń lọ lọ́tùnla. Tẹ́ ẹ bá sì ti gbà á nígbà kan rí, ẹ lọ wá ìwé ẹ̀ jáde, láti ọdún 2016 ni wọ́n ti sọ pé abẹ́rẹ́ kan ti tó títí láé, kò ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá mọ́, bó tiẹ̀ jẹ́ ọdún mẹ́wàá ni wọ́n kọ sínú ìwé àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ yín.

Ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ tún wà níbẹ̀, torí tí orúkọ ìyá tó wà ní pásípọ́ọ̀tù ẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti ọmọ, ìbéèrè lè wà. Ìwé mọ́tò náà ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa wakọ̀ ara yín, ìṣọ́ránsì ilé wa ò ṣiṣẹ́ tẹ́ ẹ bá ti kọjá bọ́ọ̀dà Sẹ̀mẹ̀, ti ECOWAS tí wọ́n ń pè ní brown card lẹ máa gbà kún un lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìṣọ́ránsì yín, ohun tó tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Kùtọnu gan-an ni wọ́n ti fọwọ́ sí ètò ẹ̀ lọ́dún 1982. Gbogbo ìwé yìí wọ inú báàgì pẹlẹbẹ yẹn, ó ṣì ku àyè. Ohun tí mo fi bú u ni pé kò ní àpò kékeré nínú, gbogbo nǹkan ló dà pọ̀, tẹ́ ẹ bá ki sẹ́fà (owó CFA tí wọ́n ń ná níbẹ̀) sí i, sílẹ̀ ni ẹyọ owó máa ń já sí tẹ́ ẹ bá fa pásípọ́ọ̀tù yọ. Mo ra pọ́ọ̀sì kékeré sínú ẹ̀. Sẹ́fà kan náà ni wọ́n ń ná ní Benin àti Tógò, èyí tó kù lọ́wọ́ yín ní Kùtọnu, ẹ máa ná an ní Lomé, ẹ má lọ ṣẹ́ńjì lẹ́ẹ̀mejì.

Ní bọ́ọ̀dà, wọ́n ní ká ṣí búùtù. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ìwúlò ẹ̀ mìíràn tí ìyá ọjà ò sọ fún mi, torí téèyàn bá ní kí wọ́n wo inú báàgì onítáyà lásán, ọwọ́ ni wọ́n máa ki bọ̀ ọ́, gbogbo ohun tẹ́ ẹ ká láti alẹ́ àná á dà rú. Àwa kàn ń gbé báàgì kọ̀ọ̀kan jáde ni, aṣọ ọmọ nìyí, aṣọ bàbá nìyí, ọṣẹ nìyí, wọ́n wo ojú nẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní ká dá a padà. Kò pẹ́. Àmọ́ nẹ́ẹ̀tì yìí náà lẹ́bi tiẹ̀ o. Ṣé ẹ rí nẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ kẹ́ ẹ rí aṣọ yín, gbogbo ayé náà ló ń jẹ́ kó rí i, ìyá ọkọ mi ò sì ṣe tán láti fi kọ́mú ẹ̀ han ẹnikẹ́ni tó wọ yunifọ́ọ̀mù. Nítorí náà báàgì bàtà, tó jẹ́ pé kò ní nẹ́ẹ̀tì, òun la fi kó pátá àti kọ́mú, bàtà wá padà sínú láílọ́ọ̀nù bí Ọlọ́run ṣe dá a.

Tá a bá ń sọ̀rọ̀ láílọ́ọ̀nù, ẹ mọ̀ pé lọ́dún 2017 ni wọ́n ti ṣòfin ní ilẹ̀ Benin pé àwọn ò fẹ́ láílọ́ọ̀nù tí kì í jẹrà mọ́. Torí ẹ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e pé bẹ́ ẹ bá dé ọjà ibẹ̀ wọ́n á máa fi láílọ́ọ̀nù dúdú ta yín lọ́rẹ bíi ti ilé, ẹ gbé báàgì aláṣọ tẹ́ ẹ máa fi nájà dání. Báàgì tí mò ń sọ yìí náà ṣe é fi nájà tí ẹrù inú ẹ̀ bá ti jáde, èyí tó tóbi, ẹ̀gbọ́n mi kan tiẹ̀ sọ pé òun máa ń fi gbé búrẹ́dì.

Ọ̀rọ̀ iná ni kí n dúró lé díẹ̀, torí òun lèèyàn kì í rántí títí tó fi máa wọ hòtẹ́ẹ̀lì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn yàtọ̀ sí tiwa. Ọwọ́ òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì la ti gba tiwa, ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ mẹ́ta. Ọwọ́ òyìnbó Faransé ni Benin àti Tógò ti gba tiwọn, ihò róbótó méjì, irin kékeré kan sì máa ń yọ síta láàárín ẹ̀. Púlọ́ọ̀gì yín ò ní wọlé, ẹ lè bá a jà títí dilẹ̀ mọ́. Àmọ́ iná tó wà nínú ẹ̀ ò jìnnà sí tiwa, láàárín fólítì 220 sí 230, so ṣájà ò ní jó, ẹnu ẹ̀ nìkan ni wàhálà. Adápútà kan lẹ nílò, kì í ṣe mẹ́rin, torí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ nìyí: ẹ mú ẹ̀tẹ́ńṣọ̀n ilé yín kan dání, èyí tó ní ihò mẹ́rin ti Nàìjíríà, ẹ fi adápútà kan ṣoṣo ki ẹ̀tẹ́ńṣọ̀n náà bọ ògiri, gbogbo ìdílé á sì máa ṣájì lórí ẹ̀ bíi pé wọ́n wà nílé, kẹ́ ẹ má kàn ki áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tùlù iná sí i lẹ́ẹ̀kan náà o. Adápútà, ẹ̀tẹ́ńṣọ̀n, páwà báǹkì, okùn ṣájà, gbogbo wọn wọ báàgì kékeré pupa. Ó há díẹ̀, torí ẹ̀tẹ́ńṣọ̀n nípọn, sípù sì ń kùn, àmọ́ ó pa.

Aago náà, kí n tó gbàgbé. Aago Kùtọnu àti ti Èkó ọ̀kan náà ni. Tẹ́ ẹ bá ti kọjá bọ́ọ̀dà Hilla Condji wọ Tógò, ẹ ti jèrè wákàtí kan, Lomé wà lẹ́yìn wa. Fóònù á ṣe é fúnra ẹ̀, ti ọwọ́ bàbá àgbà ò ní ṣe é.

Báàgì alábọ́ọ́dé ni mo fi kó ọṣẹ, ìpara, páàdì, páwúdà àti ṣáńpú, ìyẹn ló já mi kulẹ̀ jù. Nẹ́ẹ̀tì ò lè di omi mú, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀. Ṣáńpú àbíkẹ́yìn mi la ẹnu kó tó dé Àgbádárìgì, ó gba ojú nẹ́ẹ̀tì jáde wá kí aṣọ òkè bàbá ẹ̀. Ìdìpọ̀ yìí kì í ṣe ti nǹkan olómi, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín. Tẹ́ ẹ bá máa kó nǹkan olómi, ẹ kọ́kọ́ kó o sínú ike olómorí tó dé pa dáadáa. Omi náà tún fojú ẹ̀ hàn ní Ganvié, ìlú orí omi tó wà lórí adágún Nokoué, tí gbogbo ilé ẹ̀ dúró lórí òpó. Abomey-Calavi lẹ ti máa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbẹ̀, omi sì máa ń ta sínú ọkọ̀ téèyàn bá jókòó níwájú. Báàgì pupa tá a fi gbé aṣọ ìpààrọ̀ àwọn ọmọ dání mu omi díẹ̀, ó dé hòtẹ́ẹ̀lì, ló bá yọ aró sára síńgílẹ́ẹ̀tì funfun. Síńgílẹ́ẹ̀tì pupa rẹ́súrẹ́sú rèé. Dúdú ò ṣe bẹ́ẹ̀, bóyá torí kò kan omi ni, bóyá torí aró ẹ̀ gbó ni, àmọ́ ohun tí mo rí ni mo ń sọ.

Ti oògùn, àbá kan ni mo ní. Ìyá ọkọ mi ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ojoojúmọ́ ni. Àṣà wọn ni kí wọ́n tú gbogbo ẹ̀ kúrò nínú páálí sínú ìgò kan, wọ́n ní ó gba àyè díẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ní Màámi, ẹ jẹ́ ó wà nínú páálí ẹ̀. Ìdí ni pé orúkọ oògùn fúnra ẹ̀ tí wọ́n kọ sára páálí, bí amlodipine tàbí paracetamol, kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ lédè Faransé, ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ní Lomé á kà á á sì yé e, bẹ́ ẹ ò tiẹ̀ gbọ́ Faransé kan. Ṣùgbọ́n "kóró funfun kékeré tí mo máa ń lò láàárọ̀", kò sẹ́ni tó lè bá yín wá ìyẹn. Yorùbá tẹ́ ẹ bá ń sọ á gbé yín kọjá dáadáa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti láàárín ọjà ní Kùtọnu, àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ oògùn, ẹ jẹ́ kí páálí sọ̀rọ̀. Ẹ kó oògùn ibà dání, ẹ kó oògùn ẹ̀fọn, ẹ̀fọn etí òkun ò mọ àlejò.

Ohun tí ò wọ inú ẹ̀ rárá ni gèlè. Mo gbìyànjú. Gèlè tó ti le tó sì dúró dáadáa, tẹ́ ẹ bá ká a wọ inú báàgì yìí, ó jáde tán ni o, ìlà á ti gba ibi gbogbo, àfi kẹ́ ẹ fi nu ọwọ́. Agbádá tí wọ́n fi sítáàṣì náà bẹ́ẹ̀. Ẹ to àwọn wọ̀nyẹn sórí gbogbo ẹ̀, nínú ọ̀rá tí wọ́n fi ń kó aṣọ wá láti ibi ìfọṣọ. Gaàrí Ìjẹ̀bú tí ìyá ọkọ mi ní àwọn ò lè fi sílẹ̀ náà gba inú ike tirẹ̀ lọ, mo sọ fún wọn pé gaàrí wà ní Benin, wọ́n ń ṣe é gan-an níbẹ̀, wọ́n ní ṣé ó kan bíi ti Ìjẹ̀bú? Mi ò jiyàn. A dé Grand-Popo, wọ́n tọ́ gaàrí ibẹ̀ wò, wọ́n ra ìwọ̀n kan, wọn ò sọ nǹkan kan fún mi.

Àwọn kan á ní kí ló ṣe Ghana must go, ṣebí òun la ti ń lò. Òótọ́ ni, ó lágbára ju èyí lọ, ó sì gba ẹrù ju gbogbo báàgì mẹ́fà yìí pa pọ̀. Ojú ọ̀nà tá a gbà yìí náà ni orúkọ ẹ̀ ti jáde, lọ́dún 1983 nígbà tí ìjọba Ṣàgàrí lé àwọn àjèjì tí ò ní ìwé, tí àìmọye ọmọ Gánà fi báàgì yẹn kó ẹrù gba Sẹ̀mẹ̀, gba Kùtọnu, gba Lomé lọ sílé wọn. Àmọ́ Ghana must go kò láàlà nínú, ohun tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ kó sí i ló máa wà nísàlẹ̀ pátápátá, òun náà lẹ sì máa ń kọ́kọ́ nílò, ẹ ò mọ bó ṣe máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ṣì mú ọ̀kan dání, òfìfo, mo ká a sí ìsàlẹ̀ búùtù, torí ọjà Lomé ò ní jẹ́ kéèyàn padà bó ṣe lọ.

Tó bá jẹ́ máàkì ni, mo fún un ní méje nínú mẹ́wàá. Máàkì kan lọ sórí aró pupa, ọ̀kan sórí nẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan sórí ọwọ́ kékeré tí wọ́n rán mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ téèyàn fi ń gbé e, ti méjì nínú ẹ̀ ti já kí n tó padà délé, òwú tí wọ́n fi rán an ò dára. Mo ti gbé e lọ bá télọ̀, kò gbówó gọbọi. Ẹni tó bá máa dá nìkan rìnrìn-àjò, tó ní ṣòkòtò méjì àti bùbá mẹ́ta, kò nílò ẹ̀, kó fowó ẹ̀ jẹun. Ẹni tó bá lọ́mọ, tàbí tó máa ń gbé àgbàlagbà dání, tàbí tí hòtẹ́ẹ̀lì tó máa sùn ju ẹyọ kan lọ, ìyẹn gan-an ni wọ́n ṣe é fún, torí nígbà tá a kúrò ní Kùtọnu lọ sí Lomé, mi ò tún ẹrù dì, mo kàn ka báàgì, ó pé méjìlá, a wọ mọ́tò.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ra ṣẹ́ẹ̀tì kéékèèké méjì tí àwọ̀ wọn yàtọ̀, ó sàn ju ṣẹ́ẹ̀tì ńlá kan lọ, torí àwọ̀ ló máa sọ fún ọmọ pé tèmi rèé láì pariwo Mọ́mì. Ẹ yẹra fún pupa àti àwọ̀ osàn títí wọ́n á fi mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ aró. Ẹ wo ìdí òwú níbi tí ọwọ́ ẹ̀ ti so mọ́ ara báàgì, kó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n rán ibẹ̀. Sípù ni kẹ́ ẹ wá dúró lé lórí jù, ẹ fà á lọ fà á bọ̀ níwájú ẹni tó ń tà á kẹ́ ẹ tó yọ owó, kì í ṣe ẹyọ kan, gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, pàápàá ní igun, torí igun ló ti máa ń há. Tó bá ní ẹ fẹ́ ba ọjà òun jẹ́, ẹ kí i pé ó dàárọ̀, ẹ bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù kejì.